Àwọn Òkòtó Orí Igi Ọsàn

Bọ́láwùmí ni orúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí a kó dé Bódìjà.

Ilé tuntun ni ilé wa. Ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Kò sí ọmọdé níbẹ̀ àfi èmi, àti àbúrò mi tí kò mọ̀ ju ẹkún lọ. "Ìnhà! Ìnhà!"

Bàbá ti lọ sí ọ́fíìsì. Òjò ń rọ̀. Wàá, wàá, wàá. Inú mi ò dùn rárá.

Agolo mílíìkì kan ni mo ní. Òkòtó ló kún inú rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ òkòtó? Ṣóńṣó ìkarahun ìgbín ni. A ó fi ha òkúta títí yóò fi dán. A ó fi ìka ta á. Fìrìrìrìrì! Yóò máa pòòyì nílẹ̀.

Adó-Èkìtì ni mo ti ṣà wọ́n jọ. Funfun wà níbẹ̀. Pupa rúsúrúsú wà níbẹ̀. Fọláyọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló fún mi ní èyí tó kéré jù, lọ́jọ́ tí mọ́tò wá kó ẹrù wa. Ó ń sunkún. Èmi náà ń sunkún.

Mo ta òkòtó kan. Ó pòòyì. Ó ṣubú. Ta ni yóò bá mi pariwo? Àdánìkan ta òkòtó ò dùn.

"Bọ́láwùmí!" Màmá pè. "Kí ló ń rùn báyìí?"

"Òkòtó mi ni, mà."

"Kó wọn síta kí n tó dà wọ́n nù!"

Nígbà tí òjò dá, mo fi òwú so wọ́n kọ́ igi ọsàn tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Atẹ́gùn fẹ́. Kere-kere-kere.

Mo ní àwọn ọmọ àwọn bíríkìlà tó ń kọ́ ilé kejì yóò rí wọn. Wọn yóò wá bá mi ṣeré.

Wọ́n rí wọn lóòótọ́. Wọ́n dúró. Wọ́n wo igi. Wọ́n sá lọ. Pìtìpìtì, pìtìpìtì!

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún sá. Mi ò lè jẹun ọ̀sán.

"Màmá, wọn ò fẹ́ràn mi."

Àbúrò mi bú sẹ́kún. Mo bá a sun ún.

Nígbà tó yá, ọmọbìnrin kan nínú wọn dúró lókèèrè. Àmúdàtù ni orúkọ rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ pa ààlè sí igi yẹn?" ó ké.

"Ààlè kẹ̀?"

"Ìkarahun tí ẹ so kọ́ ọ ńkọ́? Bàbá mi ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ikùn rẹ̀ á wú bí àgbá omi!"

Yéè! Wọ́n rò pé a fi òkòtó mi lé olè ni. Àwọn tí mo ń pè ni mo ń lé!

Mo sáré lọ sídìí igi. Mo já òwú. Pẹ́ẹ́! Pẹ́ẹ́! Mo ta funfun nílẹ̀. Fìrìrìrìrì!

"Wo ikùn mi," mo ní. "Ṣé ó wú?"

Àmúdàtù wò ó dáadáa. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Òkòtó lásán ni! Adégbénró, ẹ máa bọ̀!" ó ké sí àwọn tó kù.

Wọ́n sáré dé. A tò yí ká. Ẹni tí òkòtó rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣubú, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni wọn yóò fi òkòtó gbá.

Tèmi ló kọ́kọ́ ṣubú.

Àmúdàtù ò ṣàánú mi. Kó! Ó ta mí dé egungun. Omi bọ́ lójú mi.

"Ó yá," mo wí, "ẹ jẹ́ ká tún un ta!"