Ìkíni Tó Fa Kọ̀ǹpútà Mẹ́rin Sẹ́yìn

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Massè." Ọ̀rọ̀ yìí ló kọ́kọ́ hàn lójú kọ̀ǹpútà kan. Kò pẹ́, kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fèsì: "Òo, ará Kpoulou, a dúpẹ́ o."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Músíè Àlàgbé, olùkọ́ ìṣirò wọn ní Adja-Ouèrè, pàtẹ́wọ́.

"Sàlímátù, ìwọ lo kọ́ wọn ní ìwà báyìí?"

"Èmi ni, Músíè. Ọmọ tó mọ̀wé tí kò mọ èèyàn kí, kí ni wọ́n ń pè é?"

Ojú ẹsẹ̀ ni olùkọ́ sọ pé Sàlímátù ni yóò gba ẹnu ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà wọn sọ̀rọ̀ níbi ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní Porto-Novo. Orí ọmọ náà wú. Ta ni tirẹ̀ kò ní í wú?

Kọ̀ǹpútà ògbólógbòó mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà ní. Wọ́n so wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè jọ ṣe iṣẹ́ kan: láti ṣírò ibi tí omi òjò ń gbà kọjá ní ilẹ̀ agbègbè wọn, kí àgbẹ̀ má baà gbin ẹ̀gẹ́ síbi tí yóò ti jẹrà. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀ abúlé kan, ó sì ń jẹ́ orúkọ abúlé náà, bí ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá pín oko ro. Ṣùgbọ́n omi kò mọ ààlà. Bí omi bá ti ilẹ̀ Kpoulou ṣàn wọ ilẹ̀ Massè, kọ̀ǹpútà Kpoulou gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ti Massè. Gbogbo iṣẹ́ jíjẹ́ yìí, inú wáyà lásán tí wọ́n ń tà lọ́jà ló ń gbà.

Wọ́n dán an wò. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ náà, ó parí kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pawọ́ pọ̀ ṣe é, wọ́n lu agogo àtilọ sílé, wọn ò tíì dé ìdajì. Ẹnu ya gbogbo wọn.

"Wáyà ni!" Ghislain, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà, pariwo. "Mo sọ ọ́, ẹ ò gbọ́. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á."

Gbogbo ojú yí sí Ràzákì. Òun ló gé wáyà náà, òun ló sì fi ẹ̀mú tí bàbá rẹ̀ rà fún un de orí wọn.

"Mo yẹ̀ wọ́n wò, Músíè," ni Ràzákì wí. "Kò sóhun tó ṣe wọ́n."

Ta ló máa gbọ́? Ìdíje ti ń ká olùkọ́ lára. Ó ní kí Ràzákì jókòó sílé ná, kò ní í bá wọn lọ sí Porto-Novo mọ́. Ẹ̀gbọ́n Ghislain yóò mú wáyà olówó gọbọi wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá Sàlímátù ń yan gàrí. Ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ìpẹ̀kun abúlé pé kó gba asẹ́ wá lọ́wọ́ Fàtímátù, àbúrò òun. Sàlímátù ń kí gbogbo àgbà tó wà lójú ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀, ó béèrè ara, ó béèrè ilé, ó béèrè oko. Ó gbé asẹ́ dé, ìyá tún ní kó padà lọ gba apẹ̀rẹ̀. Ó tún kí àwọn àgbà kan náà. Ìyá tún rán an lọ gba ìgbálẹ̀. Nígbà tó fi dé, iná ti kú lábẹ́ agbada.

"Ṣé iṣẹ́ ni mo rán ọ ni àbí ìkíni?" ni ìyá rẹ̀ fi jágbe mọ́ ọn.

Sàlímátù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dúró lójijì. Ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn kọ̀ǹpútà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, òun ló kọ́kọ́ dé kíláàsì. Ó wo ìlànà tó kọ fún àwọn kọ̀ǹpútà. Àní fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kí èkejì, á dúró gba èsì, kó tó jíṣẹ́! Wáyà kò falẹ̀ rárá, dídúró yìí ló ń jẹ àkókò wọn. Ó tún un kọ: kí wọ́n kíra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n di nọ́ńbà púpọ̀ sínú ẹrù kan, kí wọ́n sì máa ṣiṣẹ́ lọ bí ẹrù bá ṣì wà lọ́nà. Lórí wáyà Ràzákì gan-an ló ti dán an wò. Kó tó gbá kíláàsì tán, iṣẹ́ ti parí. Sàlímátù fò sókè, ó jó.

Lẹ́yìn náà ló rántí Ràzákì. Bó bá sọ òótọ́, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé ìkíni tí wọ́n torí rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un ló ba iṣẹ́ jẹ́. Bó bá dákẹ́, wáyà tuntun ni wọ́n máa yìn. Ó dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Ghislain ki wáyà tuntun bọ àwọn kọ̀ǹpútà. Sàlímátù rọra fi ìlànà tuntun rẹ̀ sí i. Kí wọ́n tó ṣẹ́jú, iṣẹ́ ti parí.

"Ẹ ò rí i?" Ghislain ń yan. "Wáyà ni!"

Àṣé Ràzákì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé, ó ṣa wáyà rẹ̀ nílẹ̀, ó ń ká wọn. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

Sàlímátù fò dìde. "Músíè, ẹ má jẹ́ kó lọ! Èmi ni. Ìkíni mi ló ń dá wọn dúró, mo ti tún un kọ."

Ó gba wáyà lọ́wọ́ Ràzákì, ó yọ tuntun, ó fi ti Ràzákì sí i. Iṣẹ́ náà tún parí kíá. Ghislain rọra ká wáyà tuntun rẹ̀ sápò.

Músíè Àlàgbé sì mí kanlẹ̀. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ràzákì, má bínú sí mi. Ìwọ lo máa gba ẹnu wa sọ̀rọ̀ ní Porto-Novo. Sàlímátù, kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n o jẹ́ kí wọ́n di ẹ̀bi tìrẹ lé ẹlòmíràn lórí."

Ràzákì kọjú sí Sàlímátù. "Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Àná ni, ní àárọ̀."

"Alẹ́ àná ni bàbá mi gba ẹ̀mú mi. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ fi ba nǹkan oníǹkan jẹ́ mọ́."

Nígbà tí wọ́n jáde, Sàlímátù kò lọ sílé. Ó tọ bàbá Ràzákì lọ, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá dá ẹ̀mú padà fún ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí Ràzákì tó tún jókòó ti Sàlímátù ní kíláàsì. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́. Èyí tí ẹ bá fi pa mọ́ di ọ̀la, ẹlòmíràn lè ti jẹ ìyà rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.