Àwọn Òṣìṣẹ́ Yàrá Kejìlá

"Gbé orí sókè. Ṣé bí òṣìṣẹ́ ṣe ń jókòó nìyẹn?"

Lọ́yà tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé tí màmá mi ń tọ́jú ló ń bá mi wí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, kíláàsì àṣekágbá ni mo wà. Aṣọ ìjáde màmá mi ló wà lọ́rùn mi. Mo yọ́ ọ mú nínú àpótí wọn ni, ó sì ń yọ̀ bọ́ léjìká mi bí aṣọ tí wọ́n sá sórí igi.

Títí dòní ni mo ń rántí ilé alájà mẹ́ta yẹn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ máa ń tutù, gbogbo rẹ̀ á sì máa ta sánsán ọṣẹ. Màmá mi ló ń tọ́jú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé, orí àtẹ̀gùn ni màá jókòó sí, màá máa kàwé, àwọn náà á máa nulẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n á ní, "Gbé ẹsẹ̀, ọ̀mọ̀wé." Màá gbé ẹsẹ̀, wọ́n á nu abẹ́ rẹ̀, wọ́n á kọjá. Ká ní wọ́n ń ta ọ̀kan péré nínú àwọn ọ̀sán yẹn, mi ò ní ná an rárá, iye tí wọ́n bá pè é ni màá san.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá kejìlá, wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà nínú fóònù gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n èmi àti màmá mi mọ̀ pé tábìlì méjì, àga méjì àti kọ̀ǹpútà kan tí kò tan rí ló wà nínú ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wọlé. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni màmá mi ń nu eruku orí tábìlì tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn ni lọ́yà dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn. Òun ló ń bá ilé-iṣẹ́ náà mójú tó yàrá ọ̀hún. Ó ní àwọn ará ọ́fíìsì owó-orí ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò, òun sì ń wá ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan.

"Kí ni kí n máa ṣe níbẹ̀, sà?"

"Má ṣe nǹkan kan. Iṣẹ́ ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé ò ń tọ́jú ìwé. Màá fún ọ ní kọ̀ǹpútà tuntun."

Kọ̀ǹpútà! Ìdánwò àṣekágbá ku oṣù méjì, ogójì akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń tò sórí ìlà nítorí ẹyọ kan ṣoṣo tó wà nílé-ìwé wa. Inú mi dùn débi pé oúnjẹ ò wù mí jẹ. Mi ò sọ fún màmá mi, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà pé, bàbá arúgbó kan ni ọ́fíìsì owó-orí rán wá. Ó gbé ìwé sábẹ́ apá, lọ́yà sì ń rẹ́rìn-ín tẹ̀lé e lẹ́yìn.

"Kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mo ń tọ́jú ìwé, sà."

Ó wo orí tábìlì. Kò sí bébà kan ṣoṣo níbẹ̀. "O mà tọ́jú wọn dáadáa o," ó ní.

Àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí. Màmá mi fi ẹ̀yìn wọlé, wọ́n ń fa korobá. Wọ́n yíjú, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ọrùn mi.

"Ta ló ní kó o wọ aṣọ mi?"

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, mi ò bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹ mọ òṣìṣẹ́ yìí ni, màmá?"

Lọ́yà tẹjú mọ́ màmá mi bí ẹni tó ń sọ pé ọwọ́ òun niṣẹ́ wọn wà. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, iṣẹ́ màmá mi lọ nìyẹn. Bí mo bá sì parọ́, màmá mi ni màá sẹ́ lójú ara wọn. Wọn ò ṣẹ́jú sí mi, wọn ò mi orí. Wọ́n kàn dúró, omi ń kán tó tó tó lára àkísà ọwọ́ wọn.

"Màmá mi ni, sà," mo ní. "Mi ò ṣiṣẹ́ níbí. Àwọn nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá yìí."

Lọ́yà ní ọmọdé ń ṣàwàdà ni. Bàbá náà jókòó sórí àga kejì, ó ń kọ̀wé. Mo fìgboyà bi í pé kí ni wọ́n ń fi yàrá òfìfo ṣe.

"Ká ní ẹnì kan ń tún bàtà ṣe," ó ní, "ó jèrè ẹgbẹ̀rún kan. Ó yẹ kó san owó-orí lórí rẹ̀, àbí? Ó wá ní àbúrò òun tó wà ní orílẹ̀-èdè míì ló ni orúkọ tí òun kọ sára àpótí òun, pé gbogbo èrè náà lòun fi sanwó orúkọ. Kí ló kù?"

"Kò ku nǹkan kan, sà."

"Kò sì sí owó-orí tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Yàrá yìí ni àbúrò náà. Àwọn ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ náà káàkiri ayé ló ń sanwó orúkọ fún un, torí owó-orí tiwa ò tó nǹkan fún ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ níbí. Bí kò bá ní, yóò san án ní kíkún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ọ jókòó."

"Haà!" màmá mi ní. "Kí n tó fojú kan owó oṣù tèmi ni wọ́n ti ń yọ owó-orí rẹ̀. Àṣé àbúrò ni mi ò ní!"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Mo sunkún délé lọ́jọ́ náà. Màmá mi ní, "Bọ́ aṣọ mi kó o tó fi ikun bà á jẹ́." Nígbà tó yá, wọ́n fà mí mọ́ra. "Pé o jókòó síbẹ̀ dùn mí. Ṣùgbọ́n o ò sẹ́ mi."

Ìparí oṣù yẹn ni wọ́n dá màmá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ náà san owó-orí ọdún kan, ó sì kó orúkọ rẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè míì. Mi ò rí kọ̀ǹpútà gbà, mo tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi, agbára káká ni mo fi yege.

Ilé ìwòsàn ìjọba ni màmá mi ti padà ríṣẹ́. Ẹ̀rọ omi ibẹ̀ ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta, ìjọba ní kò sówó tí wọ́n máa fi tún un ṣe. Kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n fi ń pọnmi láti ẹnu géètì dé yàrá àwọn aláboyún. Mo máa ń lọ bá wọn gbé e, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ bàbá yẹn ti yé mi yékéyéké. Owó-orí tí ilé-iṣẹ́ ńlá bá fi ọgbọ́n yẹ̀ sílẹ̀, ara ẹlòmíì ló ń san án. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ wá fi ojú yín bo irọ́ mọ́lẹ̀, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan péré, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó máa ru ẹrù rẹ̀. Èmi mọ ẹni tó ru tèmi. Mo rí ẹ̀yìn wọn níwájú mi lójoojúmọ́, kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń kọrin lọ.