Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ya Àwòrán Ṣẹ́ẹ̀kì

Ẹ̀rọ náà gbé ṣẹ́ẹ̀kì àkọ́kọ́ mì, ó kùn bí ẹni pé ọgọ́rùn-ún ológbò ló ń hanrun nínú rẹ̀, ó sì tu ú jáde lódì kejì. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, iwájú àti ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀kì ti hàn lójú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá báńkì, obìnrin kan tí bírò rẹ̀ kì í yé lu tábìlì, ní àwòrán náà ti dé báńkì kejì nílùú ńlá.

Bàbá Alápò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpò rẹ̀ há abíyá. Ọdún méjìlélógún ló ti ń fi ọkọ̀ kó ṣẹ́ẹ̀kì lọ sílùú ńlá, níbi tí àwọn báńkì ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé ara wọn. Àpò náà ti gbó débi pé tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ sílẹ̀ lójú títì, ó lè dá rìn délé.

"Ọ̀gá," ló wí, "tí mo bá ya ìyàwó mi ní fọ́tò, ṣé fọ́tò yẹn á dáná fún mi?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì, tó ń yọ píìnì kúrò lára ṣẹ́ẹ̀kì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, iṣẹ́ àkókò ìsinmi iléèwé ló wá ṣe. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ń pè é, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Ó ti fura sí aago iléèwé rí, pé nítorí òun ló ṣe ń tètè lù. Ó ti fura sí òjò. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni wọ́n bí i, á kọ́kọ́ fẹ́ mọ ẹni tó rán yín.

Ọ̀gá là á yé wọn pé ọ̀sẹ̀ méjì làwọn máa fi dán ẹ̀rọ náà wò. Àwòrán á lọ, ìwé náà á sì tẹ̀ lé e nínú àpò. Bí àwòrán kankan ò bá lábùkù, iṣẹ́ àpò parí nìyẹn.

Bí iṣẹ́ àpò bá wá parí, ẹni tó ń gbé e ńkọ́? Ìbéèrè yìí bọ́ sáyà ọmọbìnrin náà, ó tóbi tó ilé alájà mẹ́ta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Ó rí i tí Ọ̀gá àti akọ̀wé tó ń tọ́jú ẹ̀rọ forí korí ní kọ̀rọ̀. Bí bàbá rẹ̀ ṣe yọ, wọ́n dákẹ́ bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ kú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ọ̀gá wo bàbá náà látorí dé bàtà, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé. Nílé, bàbá ń kọrin, ó ń fọ ọkọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó dá ọmọ rẹ̀ lójú pé wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò fún un láìmọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, akọ̀wé jáde lọ jẹun ọ̀sán, ó ní kí ọmọbìnrin náà bá òun fi èyí tó kù sínú ẹ̀rọ. Nísàlẹ̀ ṣẹ́ẹ̀kì kọ̀ọ̀kan ni ìlà nọ́ńbà dúdú kan wà, òun ló ń sọ báńkì tó ni ín àti ẹni tó ni ín. Ọmọbìnrin náà mú mẹ́fà, ó ṣẹ́ etí wọn sókè títí nọ́ńbà fi fara pa mọ́, ó fi rúlà tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà béèrè lójú kọ̀ǹpútà bóyá kí òun gbà á bẹ́ẹ̀. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mẹfà. Lẹ́yìn náà ló na àwọn ìwé náà, ó kó wọn sínú àpò.

Ní ọjọ́ Ajé, báńkì kejì dá àwòrán mẹ́fà padà pé wọn ò ní nọ́ńbà. Ṣẹ́ẹ̀kì ilé ìwòsàn kan wà nínú wọn. Ọkọ̀ tó gbé oògùn wá fún ilé ìwòsàn náà ti dé ẹnu géètì, ó sì ti gbé gbogbo rẹ̀ padà nítorí owó rẹ̀ ò wọlé.

Ọ̀gá tẹ́ ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí báńkì kejì fi ránṣẹ́ padà sórí tábìlì. Nọ́ńbà pé, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ hàn gbangba. Ta ni inú rẹ̀ á dùn bí ẹ̀rọ bá kùnà? Ta ló máa ń jókòó ti àwọn ṣẹ́ẹ̀kì láràárọ̀, tó ń dúró de ẹrù? Gbogbo ojú yí sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Bàbá Alápò dúró sí.

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, Bàbá," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ lọ máa sinmi nílé títí a ó fi wádìí ẹ̀."

"Ọ̀gá, ọdún méjìlélógún. Ìwé kan ò sọ nù lọ́wọ́ mi rí."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló ṣe ń dùn mí."

Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ náà, ó gbé e lé tábìlì. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Ẹnikẹ́ni ò fura sí òun alára. Tó bá panu mọ́, ọ̀rọ̀ náà á kú síbẹ̀. Bàbá ti dé géètì kó tó dìde.

"Èmi ni, mà."

Bírò Ọ̀gá dákẹ́. Ọmọbìnrin náà rò ó látòkè délẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tóun rí wọn tí wọ́n ń sọ ló kó òun láyà jẹ.

"Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ là ń sọ lóòótọ́," ni Ọ̀gá wí. "Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yìí dé gan-an ni bàbá rẹ wá bá mi pé ká kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìdí ẹ̀rọ náà la fẹ́ fi wọ́n sí. Mo ń dúró de èsì olú iléeṣẹ́ ni."

Wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún bàbá. Wọ́n ní kí ọmọ máa lọ sílé, iṣẹ́ ìsinmi ti parí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì náà látìbẹ̀rẹ̀, èsì olú iléeṣẹ́ sì dé ṣáájú kó tó pé: akọ̀wé ni kó máa bá ẹ̀rọ lọ, kí Bàbá Alápò máa tọ́jú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé ṣẹ́ẹ̀kì sí, títí wọn ó fi mọ̀ bóyá ọwọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́.

Bàbá ka lẹ́tà náà tán nínú ọkọ̀. Ó ká a, ó yí sí ọmọ rẹ̀ tó jókòó tì í.

"O bi ikùn rẹ, o bi ojú rẹ, o bi ògiri. Inú ilé kan náà la jọ ń sùn, o ò bi mí."

"Ẹ forí jì mí, Bàámi."

"Mo ti forí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n wàá tẹ̀ lé mi lọ sílé ìwòsàn, wàá sì fẹnu ara rẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ìdí tí oògùn ò fi dé."

Ó lọ, ó sì sọ ọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí, ẹ fura bó ṣe wù yín, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ìfura bá ń jẹ yín nínú, ẹ fi ẹnu béèrè kí ẹ tó fi ọwọ́ ba nǹkan jẹ́. Bàbá kan tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ wà nínú yàrá ìwé títí dòní, ọmọ tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ló sì fi í síbẹ̀.