Ẹni Tó Ń Gé Koríko Ṣáájú Ọdún Nanda

Ẹnìkan ń gé koríko ní ibùdó wa. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹranko igbó ló jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n eyín ẹranko kì í gé nǹkan dọ́gba bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná láàárọ̀, màá rí i lẹ́yìn àwọn àgọ́: koríko tútù tí a fi dòjé gé, tí a dì ní ìdì-ìdì, tí a tò lé ara wọn bí iṣẹ́ ìyàwó tuntun tó ń retí kí ìyá ọkọ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìrì ṣì wà lórí rẹ̀. Kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan nínú ẹrẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ará òkè lè rò pé ẹni rere kan ló ń ràn wá lọ́wọ́. Rárá o. Obìnrin abúlé wa kankan kì í gbé dòjé dé orí òkè yìí kí ọdún òrìṣà wa Nanda tó kọjá. A kì í já òdòdó, a kì í gé koríko. Òrìṣà ló ni gbogbo rẹ̀ títí di ọjọ́ ọdún rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Oṣù Bhadon la sì wà nígbà náà, òjò kò tíì dáwọ́ dúró, ọdún ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Èmi Sobati ni mo ni ibùdó náà. Mo ní láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọkùnrin abúlé fẹ́ràn láti máa pè é ní ibùdó Dabal Singh. Ẹ̀gbọ́n mi ni Dabal. Kò ri òpó kan mọ́lẹ̀ níbẹ̀ rí. Èmi ni mo fi ẹ̀yìn mi pọn aṣọ àgọ́ gun òkè lẹ́yìn tí ọkọ mi kú, èmi ni mo fi pákó kan ilé ìdáná sábẹ́ àwọn igi banj, níbi tí igbó ti ń parí tí pápá orí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí iná mànàmáná níbẹ̀. Omi ìsun là ń mu, igi là ń fi dáná. Àwọn àlejò ń ti Delhi àti Dehradun wá sanwó kí wọ́n lè sùn nínú òtútù tí àwa ń sá fún. Àwọn ló mọ̀.

Himani, ọmọ Dabal, ló ń bá mi ṣe é. Kò tíì pé ogún ọdún, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ọ̀gá kan láti ìlú bi í léèrè bóyá ẹkùn wà nítòsí. Ó ní, "Ẹkùn wà, sà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sanra ló máa ń yàn. Ẹ kàn jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín sùn sẹ́nu ọ̀nà." Mo bá a wí lójú wọn, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé lọ rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà tí koríko yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹnu Himani ti bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ó lọ pọnmi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dé, irun rẹ̀ ti yí padà. Ẹnìkan ti ya á sí méjì, ó ti dì í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó fi owú dúdú so ìdí rẹ̀, bí ìyá mi ṣe máa ń dì í fún wa nígbà tí a wà ní kékeré. Kò sí ẹni tó ń dirun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Ta ló dirun fún ẹ?"

"Obìnrin kan ni, Phuphu." Bí wọ́n ṣe ń pe àbúrò bàbá lọ́dọ̀ wa nìyẹn. "Ó wà lẹ́bàá ìsun. Ọwọ́ rẹ̀ tutù."

Ní ìrọ̀lẹ́, kò jẹun. Ó ní òun ti jẹun. Mo bi í pé kí ló jẹ, ó wojú mi títí, ó ní òun ò mọ̀.

Èmi mọ̀. Gbogbo wa la mọ àwọn Achari, àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó kú sórí òkè tí wọn ò sì rílé lọ. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń rìn, nínú kùrukùru, wọ́n sì ń mú ọmọbìnrin tó bá wù wọ́n. Ẹni tó bá ti jẹun lọ́wọ́ wọn, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ètè Himani funfun. Bí mo bá gbé ife tíì gbígbóná lé e lọ́wọ́, ooru tó ń rú lórí rẹ̀ á dá. Mo fà á lọ́wọ́ pé ká sọ̀kalẹ̀ lọ sílé, ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ibi àpáta ńlá tí ọ̀nà ti wọ igbó, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, èémí rẹ̀ sì dá. Mo gbé e padà sókè ni èémí náà tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí Kundan, ẹni tó ń mú àwọn àlejò rìn, kó gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀, kó sì sọ fún Dabal pé bó bá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀ láàyè, kó máa bọ̀.

Dabal dé pẹ̀lú ohun tí ẹlẹ́gùn abúlé ní kó rà láti fi bẹ Achari: ẹ̀gbà ọwọ́ pupa, dígí kékeré, òòyà, ríbọ́nù, yẹ̀rì kan tí kò ju ti ọmọlángidi lọ. Ó gbé ìbáwí wá pẹ̀lú. Ó ní ẹ̀rín àrínjù ọmọ náà ló fà á, ó ní aṣọ pupa tó ń wọ̀ ló fà á, ó ní èmi tí mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fà á. Mo ní àwọn ará Delhi ń rẹ́rìn-ín lórí òkè yìí ju àrá lọ, kò sí ẹni tó mú wọn. Ó ní kí n pa ẹnu mi mọ́. A tẹ́ àwọn nǹkan náà sórí òkúta pẹlẹbẹ, ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kó sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n tò ó dáadáa. Wọ́n da ojú dígí náà dé ilẹ̀, wọ́n sì gbé ìdì koríko tútù kan lé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, kùrukùru sọ̀kalẹ̀ gba àárín igi wá títí a ò fi rí àgọ́ tó sún mọ́ wa jù. Ẹyẹ dákẹ́. Himani dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò ṣẹ́jú. Níta, mo gbọ́ dòjé. Ó ń lọ ṣẹ́ẹ́, ó ń lọ ṣẹ́ẹ́, ohùn tí mo ti ń gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Mo wo Dabal. Ó ti fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Mo mọ bí ẹ̀rù ṣe ń rí lójú ẹni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀. Èyí kì í ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀rù ẹni tó mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ni.

Ohùn kan sì pè mí láti inú kùrukùru, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. Ó ní, "Bhuli."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n máa ń pe àbúrò rẹ̀ obìnrin nìyẹn. Ẹnìkan ṣoṣo ló pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé, Mangsiri, ẹ̀gbọ́n mi tó tẹ̀lé Dabal, tí wọ́n fi fún ọkọ ní òdì-kejì òkè nígbà tí eyín wàrà ṣì wà lẹ́nu mi. Ó kú kí n tó dàgbà. Wọ́n ní ó lọ gé koríko, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já bọ́ sí ọ̀gbun. Bí obìnrin ṣe ń kú lọ́dọ̀ wa nìyẹn, kò sí ẹni tó ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi náà ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn láìmọye ìgbà.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dúró níbẹ̀ tí dòjé yẹn ń lọ létí mi, mo rántí ìyá mi. Ọdún tí Mangsiri kú, àga tí wọ́n fi ń gbé Nanda lọ́jọ́ ọdún kọjá níwájú ilé wa, ìyá mi kò jáde sí i. Ó ṣì ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé Mangsiri ti kú kí ọdún tó dé. Inú bí mi láti àtẹ́lẹsẹ̀.

Mo fa ọwọ́ Dabal kúrò létí rẹ̀. Mi ò pariwo. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, koríko wo?"

Ó ní kí ni mo ń sọ.

"Koríko wo ni Mangsiri lọ gé nínú Bhadon, nígbà tí ọdún ò tíì dé? Ta ni nínú gbogbo abúlé wa tó ń gé koríko nínú Bhadon?"

"Sobati, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

"Ẹnu ọ̀nà mi ló wà báyìí."

Ó sọ ọ́. Ojú ààrò ló kọ sí tó fi sọ ọ́. Wọ́n lu Mangsiri nílé ọkọ, ó sá, ó fi ẹsẹ̀ la igbó yìí kọjá nínú òjò, ó dé ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá wa ti kú, Dabal ni olórí ilé. Kò ṣílẹ̀kùn. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sọ fún un pé ọmọbìnrin tí a ti fi fọ́kọ kì í dá ara rẹ̀ padà wálé, kó yáa padà kí aráyé tó rí i. Mangsiri ní kó fún òun ní oúnjẹ nìkan, òun á lọ. Dabal ní kó máa lọ. Àwọn darandaran ló rí òkú rẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀gbun. Dabal fúnra rẹ̀ ló mú dòjé kan láti ilé, ó lọ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí abúlé lè rí nǹkan sọ. Wọ́n sì sọ ọ́. Gbogbo wọn mọ àkókò tí a ń gé koríko, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó bi í pé koríko wo.

Ẹ gbọ́, Nanda tí à ń ṣọdún fún, kí la ní ó jẹ́? Ọmọbìnrin ilẹ̀ wa ni, tó ń padà sílé ọkọ ní òkè oníyìnyín pẹ̀lú omijé. Lọ́dọọdún ni àwọn ọkùnrin wa ń gbé àga rẹ̀ lé èjìká tí wọ́n ń sunkún bí ọmọdé, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì lọ. Dabal ló máa ń gbé apá iwájú. Òrìṣà ni wọ́n ń sunkún fún. Ọmọ ìyá wọn ni wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́.

Ohùn dòjé dúró.

Ó wà létí kùrukùru, ìdì koríko lórí rẹ̀, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ẹni tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù ni pé ọmọdé ni. Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo ti dàgbà tó láti bí.

Ó ní, "Wọ́n ní koríko ni mo lọ gé. Mo ń gé e. Kì í tán."

Mo ti Dabal síta. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́gùn kọ́ ọ, mo ní kó fi ìyẹn sílẹ̀, kó kọjú sí ẹni tó yẹ, kó sọ ohun tó ṣe. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Mangsiri, o ò lọ gé koríko. Ilé lo wá. Èmi ni mi ò ṣílẹ̀kùn."

Dòjé náà bọ́ lọ́wọ́ Mangsiri. Kò dún nígbà tó balẹ̀.

Mo ronú pé ọ̀rọ̀ nìkan kò yó ẹni tó tọrọ oúnjẹ. Mo wọlé, mo tilẹ̀kùn ilé ìdáná mọ́ àwọn méjèèjì síta. Mo gbé rótì dúdú, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, sínú àwo, mo fi bọ́tà sí i, mo bu iyọ̀ tí mo fi aáyù àti ata lọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ gba inú pákó. Mo ní, "Dabal Singh, ṣílẹ̀kùn fún àbúrò rẹ." Mi ò pè é ní ẹ̀gbọ́n, mi ò fi ẹ̀yin kún un.

Mo gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ lára ìdè ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ṣí. Òtútù kan gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó jókòó sídìí ààrò. Mi ò wojú rẹ̀, a kì í wo ojú ẹni tí ebi ń pa bó bá ń jẹun. Mo ń gbọ́ eyín rẹ̀ lára rótì. Ó fi ìka nu iyọ̀ tó kù nínú àwo.

Himani wúkọ́. Ó dìde jókòó, ó wo àwo tó ṣófo.

"Phuphu, ta ló jẹ oúnjẹ mi? Ebi fẹ́ẹ̀ pa mí kú."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò mọ́. Pákó ibẹ̀ tutù, ó rin.

Bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀, Himani ń fi ẹsẹ̀ gbá òkúta lọ́nà, ó ń fi ẹlẹ́gùn àti yẹ̀rì ọmọlángidi rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Dabal rọra sún mọ́ mi, ó bẹ̀ mí pé kí ọ̀rọ̀ náà má kọjá inú ilé. Mo bi í pé ilé wo.

Ní ọjọ́ ọdún, kí àga Nanda tó gbéra, àṣà wa ni pé kí baálé kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó pe àwọn ọmọbìnrin ilé rẹ̀ tó ti ilé ọkọ wá lórúkọ, kó sì gbé àpò arsa, àkàrà dídùn ọdún, lé wọn lọ́wọ́. Dabal dúró lójú gbogbo abúlé. Ó sọ ohun tó ṣe, láti orí dé ìdí, nítorí èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pe Mangsiri. Ó na àpò náà síwájú lórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. A rí i bí aṣọ àpò náà ṣe sún pọ̀, bí ìgbà tí ìka dì í mú. Ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rí ibi tó gbà.

Àwọn ọkùnrin kan ní ká tètè gbé àga, òjò ń ṣú.

Jasoda, ìyàwó olórí abúlé, arúgbó tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín ọkùnrin rí láyé mi, rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó pe orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí. Ọkọ rẹ̀ fa ìborùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó já a gbà, ó tún orúkọ náà pè. Àpò arsa ọwọ́ rẹ̀ náà lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣí nísàlẹ̀ abúlé. Òmíràn ṣí lókè. Àwọn obìnrin ń jáde, wọ́n ń pe àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ní koríko ni wọ́n lọ gé, àwọn ọkùnrin wọn sì ń wolẹ̀. Mo dúró láàárín ọ̀nà pẹ̀lú Himani, arsa kún ẹnu rẹ̀, mo sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Àga òrìṣà dúró dè wọ́n. Ilẹ̀ ṣú kí orúkọ tó tán.