Jẹ́jẹ́ Tó Ń Nu Dígí

Káàdì ọba mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan lọ́jọ́ tí atúnaagoṣe kan kọ́kọ́ rí i nídìí tábìlì káàdì, kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ fi pamọ́. Ó ti òkìtì ike pupa tó dúró fún owó sí àárín tábìlì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, aago kékeré kan rọ̀ sí àyà rẹ̀, aago náà sì ń lọ́ra.

Ilé ìgbafẹ́ ni, níbi tí àwọn ojúlùmọ̀ ti ń fi owó táṣẹ́rẹ́ ta káàdì pókà lọ́sàn-án Sátidé.

"Irọ́ ni!" awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì pariwo. "Jẹ́ n wò ó." Ó san iye owó náà kí nọ́ọ̀sì lè ṣí káàdì rẹ̀ hàn án, ó wò ó, ó sì di orí mú. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò fi tàn wọ́n?" atúnaagoṣe bi í.

"Tàn wọ́n ṣe kí ni? Àwọn bàbá yìí ò wá síbí láti sá. Wọ́n fẹ́ wò ó ni. Tí káàdì yín bá dára, ẹ béèrè owó ńlá, wọ́n á san."

Obìnrin yìí wu èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, mi ò ní purọ́.

Ti atúnaagoṣe yàtọ̀. Bí káàdì rere bá ti dé ọwọ́ rẹ̀, á bọ́ dígí ojú rẹ̀, á máa nù ún, á sì fi ìka kan tábìlì pé òun ò fi nǹkan kún owó. Àwọn yòókù náà á kan tábìlì. Ohun tó máa ń jẹ níkẹyìn kì í tó ra búrẹ́dì.

"Ẹ̀yin Jẹ́jẹ́," nọ́ọ̀sì sọ ọ́ lórúkọ, "ẹ gbé wúrà dání, ẹ ń tà á lọ́pọ̀!"

Jẹ́jẹ́ bá a tún aago àyà rẹ̀ ṣe, kò gbowó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sin ara wọn délé, ìfẹ́ sì wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ò sọ ọ́. Nígbà tí màmá nọ́ọ̀sì, tó jẹ́ aránṣọ, bi í pé kí ló ń wá, ó ní òun kàn ní kí òun kí wọn ni.

"Ẹ ṣé," màmá dáhùn. "Ẹ ti kí wa."

Ni ilé ìwòsàn kan ní ìlú òkèèrè bá fún nọ́ọ̀sì níṣẹ́. Ó ní láti fèsì kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.

"Ṣé kí n lọ?" ó bi Jẹ́jẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni bọ́ dígí, ó ń nù ún. "Iṣẹ́ tó dára ni."

Ó dun obìnrin náà wọra. Kò wá ta káàdì ní Sátidé yẹn.

Káàdì rere tí Jẹ́jẹ́ ò rí irú rẹ̀ rí ló dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó nawọ́ sí dígí. Awakọ̀ da káàdì tirẹ̀ nù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn yòókù náà dà á nù.

"Ó ti ń nù ún!" awakọ̀ pariwo. "Gbogbo wa la mọ̀, ọmọ mi. Ìwọ nìkan lo rò pé o fi pamọ́."

Jẹ́jẹ́ fi káàdì sílẹ̀, ó dìde. Ilé aránṣọ ló gbà lọ tààrà, nọ́ọ̀sì sì wà níbẹ̀ tó ń bá màmá rẹ̀ gé aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ tún lọ sí dígí. Ó bọ́ ọ, ó gbé e sórí tábìlì, kò nù ún.

"Màmá, mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ yín, mo fẹ́ fi ṣaya. Ibi tó bá ń lọ, èmi náà ń lọ. Mo máa gbé irinṣẹ́ mi, wọ́n ń lo aago níbi gbogbo."

Màmá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Gbogbo ẹ̀, mà."

"Ó mà dáa o! Ká ní o tún ní o wá kí mi ni, ǹ bá ti lé ọ jáde. Èyí, mo gbà á."

Jẹ́jẹ́ yíjú sí nọ́ọ̀sì, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Obìnrin náà mú dígí, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì fi wọ̀ ọ́ lójú jẹ́jẹ́.

"Olólùfẹ́ mi," ó ní, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, "káàdì ọwọ́ yín rèé, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ wò ó."