Ẹ̀jẹ̀ Wa Bára Mu

Ọyẹ́ ọdún 1984 kì í ṣe ọyẹ́ eré ní Ṣakí. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Àwáwù ń po ẹ̀kọ, ọkọ rẹ̀ Yẹ̀kínì, tó máa ń fi mọ́tò kó iṣu láti Kíṣí, ń wẹ̀ láti lọ kí Jímọ̀. Fàtímọ̀ ọmọ wọn ń lé adìyẹ kiri àgbàlá láìwọ ẹ̀wù. Kò pẹ́ ló jókòó gbì, ó di orúnkún mú, ó figbe ta.

"Màámi, ẹsẹ̀ mi o!"

"Ó tún ti dé," ni Àwáwù wí. Ó sáré mú adí, ó fi ń pa á lẹ́sẹ̀. Adí tó máa ń ràn án lọ́wọ́ ò ṣiṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà tí Yẹ̀kínì fi máa ti mọ́ṣáláṣí dé, ọmọ ti ń mí gúlegúle. Ni wọ́n bá gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù.

Dókítà Ládòkun fa ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nígbà tí èsì dé, ó pe tọkọtaya náà.

"SS ni ọmọ yín. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe é. AS sì lẹ̀yin méjèèjì. Kí ló dé tí ẹ ò yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó fẹ́ra?"

Inú bí Yẹ̀kínì. "Háà, Dókítà, a yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó so yìgì! O lèmi, O lòun náà. Mo tiẹ̀ fò sókè, mo ní ẹ̀jẹ̀ wa bára mu."

"Ìyẹn la fi ń mọ ẹni tó lè fún ẹlòmíì lẹ́jẹ̀. Ọ̀tọ̀ lèyí tí à ń wí. Ẹni tó jẹ́ AA ò ní àrùn yìí lẹ́jẹ̀ rárá. Ẹni tó jẹ́ AS lè hewú láìmọ̀, torí kì í ṣàìsàn. Àmọ́ bí AS bá fẹ́ AS, nínú ọ̀nà mẹ́rin tí oyún kọ̀ọ̀kan lè gbà, ọ̀kan jẹ́ SS. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti kó sí i, ìyẹn ò ní kí àbúrò bọ́."

Ohùn Yẹ̀kínì wálẹ̀. "Níbi tí a ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ká padà wá yẹ èkejì wò. Mo ní kí la tún fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe?"

Àwáwù gbọ́wọ́ lé ikùn. Oyún ti wà níbẹ̀. "Dókítà, èyí ńkọ́? Ṣé ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò nínú mi kó tó wáyé?"

"Wọ́n ti ń ṣe é lókè òkun. Wọ́n á fa díẹ̀ nínú omi tó yí ọmọ ká. A ò tíì ní in níbí. Bí ẹ bá ti bímọ, ẹ tètè gbé e wá. Ẹ má dúró dìgbà tó bá ń ké."

Ọjọ́ kejì ni Fàtímọ̀ kú. Bí wọ́n ṣe fẹ́ wẹ òkú, ìyá Yẹ̀kínì mú abẹ dé. Ó ní àbíkú ni, kí òun gé e létí, kí àwọn lè dá a mọ̀ bó bá padà wá.

Yẹ̀kínì gba abẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọmọ mi sílẹ̀! Kì í ṣe àbíkú. Èmi ni mo kọ̀, tí n ò padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò." Ó bú sẹ́kún lójú gbogbo èèyàn.

Àwáwù ń retí ìkúnlẹ̀ báyìí, ẹ̀rù ọmọ tí kò tíì rí sì ń bà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mú ọjọ́ ìyàwó, àti ẹ̀yin lémọ́ọ̀mù tí ẹ fẹ́ so yìgì, "ẹ̀jẹ̀ wa bára mu" ò tó o. Ẹ béèrè pé: AA ni, àbí AS? Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò nísinsìnyí tí ẹ ṣì lè sọ fúnra yín pé ó tì.