Ìkúnlẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alùpùpù

Bí Oyíndà ṣe rí Màmá Ìbíjọkẹ́ tí ó ń gun òkè bọ̀, tí ó gbé àpò ewébẹ̀ dání, ni ó ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kí eékún méjèèjì sì kan ilẹ̀ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ṣe ni ó kàn tẹ orúnkún díẹ̀ kí màmá yìí kan náà bí ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀. Kí ó tó délé, ẹjọ́ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. Afusat, ìyá rẹ̀, fà á létí títí etí náà fi gbóná.

"Ṣé Joburg ti gba eékún lọ́wọ́ ẹ ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í lọ́jọ́ náà. "Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kì í kí àgbà lóòró. Ojú títì ni o, inú ọjà ni o, kúnlẹ̀!"

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn Oyíndà ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ní ọdún 1993, ní àdúgbò Troyeville ní Joburg, ní South Africa. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bùkúnọlá, ń ti ilé-ìwé bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àwọn méjèèjì. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀, nítorí náà gbogbo ìwé tí Oyíndà ní ni ó rọ́ sínú báàgì tí ó gbé kọ́ ẹ̀yìn, tí báàgì náà fi yọ síta bí ẹni pọn ọmọ. Ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kò fẹ̀ rárá. Ògiri ṣọ́ọ̀bù Mista Pereira, ọkùnrin Potogí tí ń ta èso àti ẹ̀fọ́, wà ní ọwọ́ kan. Alùpùpù àtijọ́ tí Mista Pereira ń gùn wà ní ọwọ́ kejì.

"Ẹ káàsán, mà!" Oyíndà fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná.

Inú Màmá Ìbíjọkẹ́ dùn dé ẹ̀yìn. Kì í kúkú ṣe ẹni tí ń ṣahun àdúrà. "Ọmọ dáadáa! Ó mà pẹ́ o, tí mo ti rí ọmọ tó kúnlẹ̀ báyìí ní ìlú yìí. Wàá yege nínú ìdánwò ẹ. O ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ọlọ́run á gbà ẹ́ lọ́wọ́ ewu ojú ọ̀nà."

"Àmín, mà."

Bùkúnọlá dúró sẹ́yìn, ó ní "Good afternoon, ma," ó sì bá wọn ṣe àmín ọ̀fẹ́. Màmá gbé àpò rẹ̀ kọjá, ó sì yà sí kọ̀rọ̀.

Oyíndà kò mọ̀ pé bí òun ṣe ń tẹrí gba àdúrà ni okùn báàgì òun ti kọ́ ọwọ́ alùpùpù. Ó fi agbára dìde pẹ̀lú ẹrù ìwé lẹ́yìn. Nǹkan fà á. Ó já ara rẹ̀ gbà, alùpùpù sì yẹ̀ kúrò lórí ẹsẹ̀ irin tí ó fi dúró. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Gbàgà! Ó dùbúlẹ̀ gbalaja.

"Eish, Oyíndà!" Bùkúnọlá di ẹnu mú. "O ti dá wàhálà sílẹ̀."

 Oyíndà wo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni kò jáde, nítorí inú ilé lẹ́yìn ni Mista Pereira ti ń jẹun ọ̀sán ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ohùn ọkùnrin yìí nìkan tó lé ajá sá. Oyíndà sì bẹ̀rù ohun kan ju ohùn náà lọ. Kí bàbá rẹ̀, Fàsásì, tó lọ sí Èkó lọ ra ọjà ní oṣù tó kọjá, ó pe ìyàwó àti ọmọ jókòó, ó ní, "Ìwé ìgbélùú wa ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohunkóhun tó máa mú ọlọ́pàá wá kan ilẹ̀kùn wa. Bí wọ́n bá lé wa níbí, ibo la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí?" Lójú Oyíndà, àfi bí ẹni pé ọlọ́pàá ti ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn bọ̀ náà.

"Bá mi gbé e!" ni ó wí. Àwọn méjèèjì fi gbogbo ara ti irin náà títí ó fi nàró padà. Dígí rẹ̀ kò fọ́, epo kò sì dà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Oyíndà fọwọ́ kan ọwọ́ bíréèkì iwájú, ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Wáyà ìdí rẹ̀ ti já.

Bùkúnọlá tì í padà sí àyè rẹ̀, ó yí i díẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀ bí kò bá fọwọ́ kàn án. "Shap! Ó ti wà bó ṣe wà. Jẹ́ ká lọ."

"Bùkúnọlá, bíréèkì ni o." Oyíndà mọ̀ ọ́n dáadáa. Délé, àbúrò bàbá rẹ̀, máa ń gbé e lórí mashíìnì ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà kékeré rẹ̀, a sì máa fi ọwọ́ bíréèkì hàn án, a ní, "Oyíndà, ibí yìí ni ẹ̀mí èmi àti tìẹ wà."

"Ta ló bi ẹ́? Ó máa rí i fúnra ẹ̀ kó tó gùn ún. Ìwọ fẹ́ lọ fa ọlọ́pàá wọlé bàbá ẹ? Tó o bá sọ, èmi ò sí níbẹ̀ o." Bùkúnọlá ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Oyíndà náà sá tẹ̀ lé e. Aago méjì ọ̀sán ni.

Àjà kejì ilé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù náà ni Oyíndà àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí ó wọlé, Afusat ń di irun fún oníbàárà kan nínú pálọ̀. Oúnjẹ wà lórí tábìlì. Oyíndà bu òkèlè kan, ó dá a padà. Ó gba ojú fèrèsé lọ, ó fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń wo alùpùpù. Alùpùpù náà dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. 

Ó lọ dúró ti ìyá rẹ̀. "Mọ́mì..."

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, mà."

Ó tún padà sójú fèrèsé. Kò pẹ́, ó tún wá. Kí ó tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. "Màmá Ìbíjọkẹ́ yà síbí kó o tó wọlé o. Wọ́n ní o kúnlẹ̀ kí àwọn láàárín títì, pé o gba àdúrà títí ó fi parí. O tọ́jú orúkọ mi. Ọmọ mi ni ẹ́ lóòótọ́."

Bí wọ́n bá gbá Oyíndà létí, ì bá sàn fún un. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ padà wọnú, òun náà sì padà sójú fèrèsé. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé Mista Pereira máa rí i, dandan ni kó rí i. Bóyá kò tiẹ̀ ní gùn ún lónìí. Bóyá òjò máa rọ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ẹ̀rù bá ti bà kì í ṣaláìní bóyá.

Aago mẹ́rin lù. Mista Pereira jáde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Òun nìkan kọ́ ló jáde. Ó di ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú, Luísa kékeré, ọmọ ọdún mẹ́fà tó máa ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tòmátì. Aṣọ funfun ló wà lọ́rùn ọmọ náà. Mista Pereira gbé e ka ẹ̀yìn alùpùpù, ó ní kó di òun mú.

 Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni títì náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú ilé wọn lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí òun àti ọ̀nà ńlá ti pàdé ní róbọ́ọ̀tì, iná tí ń darí ọkọ̀. Gbogbo Troyeville ló mọ̀ pé àwọn onítakisí kì í fi bẹ́ẹ̀ ka iná róbọ́ọ̀tì yẹn sí. Eré àsápajúdé ni wọ́n ń sá kọjá. Ẹni tí kò bá ní bíréèkì, àárín wọn ni yóò já sí.

Kò mọ ìgbà tí òun ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí ìyá rẹ̀ ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn, kò dúró. Ó fò lórí àtẹ̀gùn láìwọ bàtà. "Mista Pereira! Stop! Stop!" Ariwo ẹ́ńjìnnì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Alùpùpù ti ń yí kúrò ní ẹ̀bá ọ̀nà. Oyíndà kò rí ohun mìíràn ṣe. Ó sá bọ́ síwájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di ojú.

Mista Pereira fún bíréèkì. Bíréèkì kò mú. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ ilẹ̀ títí bàtà rẹ̀ fi ń han gooro, táyà iwájú sì gbá Oyíndà lójúgun kí ó tó dúró.

"Orí ẹ dàrú ni?" ni ó fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo, tí èdè Potogí sì ń dà pọ̀ mọ́ ọn. "Ṣé o fẹ́ kú ni?"

Oyíndà ti wà lórí eékún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójúgun rẹ̀. "Èmi ni, sà. Èmi ni mo bì í ṣubú lọ́sàn-án. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Báàgì mi ló fà á. Bíréèkì ti já, sà."

Ọkùnrin náà fa irin bíréèkì náà. Ó tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ wá láìjà. Ó wo irin náà, ó wo ìsàlẹ̀ títì, níbi tí takisí méjì ti ń sáré kọjá, ó sì wo Luísa. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó gbé ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó sì dì í mọ́ra.

Ìgbà náà ni Afusat dé, ìyarun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀. Oyíndà kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má pe ọlọ́pàá. Wọ́n máa lé wa lọ. Mọ́mì mi ò mọ nǹkan kan."

"Ọlọ́pàá?" Ohùn Mista Pereira le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Ta ló ń sọ ti ọlọ́pàá? Irin ni, irin máa ń ṣubú! Ìgbà wo ló ṣubú?"

"Aago méjì, sà."

"Wákàtí méjì! O wà lókè yẹn fún wákàtí méjì, o ń wò mí. Ìyẹn ló ń bí mi nínú." Ó fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì. "Bíréèkì ti ẹsẹ̀ ti bàjẹ́ láti oṣù tó kọjá. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ọ̀la ni màá tún un ṣe. Èmi náà ò gbọ́n." Ó wá nàka sí Oyíndà. "Sátidé mẹ́rin. Láàárọ̀. Wàá wá máa fọ kárọ́ọ̀tì àti ànàmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ dìde, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ dìde."

Kò rẹ́rìn-ín o. Ó ti alùpùpù rẹ̀ padà, ó di ọwọ́ Luísa mú, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn lọ.

Nínú ilé, Afusat fi omi gbígbóná nu ojúgun ọmọ rẹ̀. Oyíndà ń retí ìfàlétí, ṣùgbọ́n aṣọ ni ìyá rẹ̀ fi di ojú ọgbẹ́ náà.

"Mọ́mì, ẹ̀rù ló bà mí."

"Mo mọ̀. Ẹ̀rù ń ba èmi náà lójoojúmọ́ ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Alùpùpù tó ṣubú, èèṣì ni. Ẹnu tó o pa mọ́, ìyẹn kì í ṣe èèṣì. Bí ọmọ yẹn bá kú lónìí ńkọ́? Ta la fẹ́ kúnlẹ̀ fún? Ìkúnlẹ̀ tó ṣòro ni èyí tí èèyàn ń kúnlẹ̀ láti sọ pé 'èmi ni'. Òun gan-an ni mo fẹ́ kó o mọ̀."

Omijé bọ́ lójú Oyíndà. Kò dárúkọ Bùkúnọlá lọ́jọ́ náà, kò sì dárúkọ rẹ̀ rí. Bùkúnọlá fúnra rẹ̀ ni kò lè gba iwájú ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Òdì kejì títì ni ó ń gbà.

Ní Sátidé kẹta, Oyíndà wà nídìí agbada omi, ó ń fọ kárọ́ọ̀tì. Luísa jókòó tì í, ó ń fi omi ta á lára. Ta ni kó wọlé bí kò ṣe Màmá Ìbíjọkẹ́ pẹ̀lú àpò rẹ̀. Oyíndà nu ọwọ́, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ó kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sún àpótí tòmátì kan kúrò lọ́nà. Nígbà náà ni ó tó fi eékún kanlẹ̀.

Mista Pereira rí i láti ìdí káńtà, ó sì bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. Alùpùpù rẹ̀ wà níta, bíréèkì tuntun ti wà ní iwájú àti ní ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí nǹkan kì í bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà ní kékeré, kí ìbẹ̀rù tiyín má baà di ikú ẹlòmíràn.